Ọwọ́ Lórí Rẹ́díétọ̀

Ọwọ́ mi wà lábẹ́ ọwọ́ bàbá mẹkáníìkì kan. Ọwọ́ rẹ̀ le bí èèpo igi, ó ń rùn díẹ̀díẹ̀ fún gíríìsì àti ọṣẹ dúdú, ó sì bo tèmi mọ́lẹ̀ pátápátá. Ó ń fà á lọ lójú rẹ́díétọ̀ píkọ́ọ̀pù bàbá mi, láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń fọwọ́ pa ọmọ lára kó lè sùn. Lókè, irin náà lọ́ wọ́ọ́rọ́. A sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Nígbà tí a dé àárín, ó tutù lójijì.

"Ṣé ọwọ́ rẹ mọ̀ ọ́n?"

"Ó tutù, Bàbá."

"Ó tutù. Omi gbígbóná ń ti òkè bọ̀, kò ráyè kọjá níbí yìí. Nǹkan kan ló dí i lọ́nà."

Mo mi orí. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí. Mo mọ ohun tó dí i lọ́nà. Ní gbogbo ìlú Ìdànrè, èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n, tàbí bẹ́ẹ̀ ni mo rò lọ́jọ́ náà.

Bí mo bá dijú báyìí, mo ṣì ń rí ibi iṣẹ́ bàbá yẹn. Àwọn mẹkáníìkì yòókù ń ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ tí epo ti sọ di dúdú, ṣùgbọ́n orí àpáta ni tirẹ̀ wà, àpáta pẹrẹsẹ kan lẹ́yìn àdúgbò wa, tó na ara rẹ̀ sílẹ̀ títí dé ìdí òkè gíga tó dúró sẹ́yìn ìlú. Ní apá kan àpáta náà ni ó ń tú ẹ́ńjìnnì. Ní apá kejì ni àwọn obìnrin àdúgbò ń sá kòkó. Kò sí ẹni tó fa ìlà sí àárín wọn, síbẹ̀ mi ò rí ọjọ́ tí epo kan kòkó. Láti àárọ̀ ni o ó ti máa gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn ìyá tó ń ro kòkó náà, ṣàrà, ṣàrà, ṣàrà, àti sípánà bàbá náà tó ń dá wọn lóhùn. Òórùn kòkó tútù tó ti kan díẹ̀, tó sì dùn díẹ̀, á gba inú òórùn epo kọjá wá bá ọ. Tí òjò bá rọ̀ mọ́jú, omi á máa ṣàn láti ara òkè bí òwú funfun, ìkùukùu á bo orí rẹ̀, a ò ní mọ ibi tí òkúta parí sí àti ibi tí ọ̀run ti bẹ̀rẹ̀.

Bàbá Mẹkáníìkì ni gbogbo wa ń pè é. Ó ga, ó tẹ̀ díẹ̀ léjìká, ó ní àpá kan tó dán láti ọrùn ọwọ́ ọ̀tún títí dé ìgúnpá. Omi rẹ́díétọ̀ ló bó o nígbà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́, torí ó kánjú ṣí i nígbà tó gbóná. Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti gbà fún ẹnikẹ́ni kó ṣí ọkọ̀ tó gbóná níwájú òun. Ọkọ̀ rẹ ìbáà jẹ́ ti olówó, ìbáà jẹ́ ti ọlọ́pàá, o ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, o ó jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun, o ó máa wo òkè títí irin á fi tutù. Àwọn tó ń kánjú máa ń bú u lẹ́yìn. Ó mọ̀, kò sì kà á sí.

Èdè Ìdànrè pọ́ńbélé ló ń sọ. "Ulé" ni ilé lẹ́nu rẹ̀, "ọma" ni ọmọ. Èmi tí mo ń sọ Yorùbá ilé ìwé, tí mo tún ń fi òyìnbó díẹ̀díẹ̀ là á, mo máa ń rẹ́rìn-ín sí i lábẹ́lẹ̀. Lónìí, tí mo bá gbọ́ ẹni tó pe ilé ní ulé nínú ọkọ̀ l'Ákùrẹ́, ṣe ni mo máa ń wẹ̀yìn. Púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ tí mo ń kọ síbí, ìtumọ̀ rẹ̀ ni mo ń kọ, ẹ má bínú sí mi.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé yín, ẹ jẹ́ kí n sọ ti píkọ́ọ̀pù náà. Funfun ni, ó ti gbó, ilẹ̀kùn ọ̀tún rẹ̀ kì í ṣí àfi láti ìta. Òun ló ń kó kòkó wa wá láti oko tó wà lọ́nà Ofosu. Ọkùnrin kan láti ìhà Ìkìrun ló ń wà á. Lébìrà ló wá ṣe nínú oko bàbá mi, kó tó wá di pé ó kọ́ mọ́tò, tí bàbá mi sì fa kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́. Bùrọ̀dá ni mò ń pè é. Yàrá kan lẹ́yìn ilé wa ni òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé, ìyàwó náà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ nígbà tí mò ń wí yìí, ọmọ ò tíì pé oṣù méjì. Èmi ni mò ń gbé ọmọ náà pọ̀n tí ìyá rẹ̀ bá ń fọṣọ. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún mi nígbà yẹn pé Bùrọ̀dá kì í ṣe ẹ̀gbọ́n mi, màá bá a jà.

Gbogbo Sátidé ni Bùrọ̀dá ń fọ mọ́tò. Lẹ́yìn náà á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á dúró kó tutù, á yí ìdérí rẹ́díétọ̀, á sì bomi kún un. Ọjọ́ kan ló gbé mi sókè kí n lè wo inú rẹ̀. Ihò dúdú kékeré ni mo rí, omi ń dán nísàlẹ̀.

"Ẹnu mọ́tò nìyẹn," ó ní. "Ohun tó bá mu níbẹ̀ ló ń gbé e rìn."

Mo gbà á gbọ́ bó ṣe sọ ọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀.

Aládùúrà ni wá. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, a ti bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, a wà nínú aṣọ funfun wa, tùràrí ti gba gbogbo inú ilé, ni ìyá kan nínú ìjọ bá bọ́ sínú ẹ̀mí. Ó ní òun rí mọ́tò funfun kan tó dojú dé ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń wo ọ̀run, kòkó sì fọ́n sílẹ̀ káàkiri. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n kò sí mọ́tò funfun mìíràn tó ń kó kòkó nínú ìjọ wa. Mo rí ọwọ́ ìyá mi tó di etí sùtánà rẹ̀ mú.

Ìyá mi gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n gbé ìgò omi síwájú pẹpẹ, wọ́n ka Sáàmù sí i, a sì gbé e wálé. Bàbá mi mu nínú rẹ̀. Bùrọ̀dá mu, ìyàwó rẹ̀ mu, wọ́n tọ́ ọ sí ọmọ lẹ́nu. Ti mọ́tò, ṣe ni wọ́n kàn bù ú wọ́n táyà lásán. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo ń rò ó. Mọ́tò ni wọ́n rí ìran sí, òun nìkan ni kò sì mu omi náà. Ó sì ní ẹnu.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo ya bébà láti inú ìwé iṣẹ́ àmúrelé mi, mo fi pẹ́ńsù kọ àdúrà sí i bí wọ́n ṣe ń kọ ẹ̀bẹ̀ fún wòlíì: *Jésù, má jẹ́ kí mọ́tò wa ṣubú. Dákun, má jẹ́ kí Bùrọ̀dá kú.* Mo fi aṣọ funfun tẹ́ẹ́rẹ́ wé e, tí mo ya láti ara sùtánà ìyá mi. Nígbà tí Bùrọ̀dá lọ pọn omi sí i, mo gun bọ́ńpà, mo jù ú sẹ́nu mọ́tò, mo sì da omi Sáàmù ìdajì ife tẹ̀ lé e. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò jẹ oúnjẹ alẹ́. Sátidé márùn-ún ni mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí ẹ̀rù bá bà mí gan-an, mo máa ń kọ méjì.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ni mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Bùrọ̀dá dé láti oko, ó ní òun kàn rí i tí èéfín ń jáde nínú bọ́nẹ́ẹ̀tì nígbà tí òun ń gun òkè. Ẹ máa fi mí rẹ́rìn-ín o, ṣùgbọ́n òótọ́ ni mò ń sọ: mo rò pé iná Ẹ̀mí Mímọ́ ló ti ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Mo tún fi kún àdúrà náà.

Wọ́n pe mẹkáníìkì kan. Ó yọ tamọsítàtì tó ń díwọ̀n ooru ẹ́ńjìnnì, ó sọ ọ́ nù sínú igbó, ó ní nǹkan òyìnbó ni, ìlú olótùútù ló wà fún. Mọ́tò ṣì ń hó. Wọ́n pe òmíràn, ó pààrọ̀ pọ́ǹpù omi. Mọ́tò ṣì ń hó. Ìrìn àjò wákàtí kan wá di wákàtí mẹ́ta. Bùrọ̀dá á wà á díẹ̀, á dúró, á dúró kó tutù, á tún wà á díẹ̀. Òjò ká a mọ́ ọ̀nà lẹ́ẹ̀mejì, àpò kòkó méje sì bu.

Èèyàn jẹ́jẹ́ ni bàbá mi, ṣùgbọ́n tó bá ti pinnu nǹkan, ó di òkè Ìdànrè nìyẹn. Ó pinnu pé ẹ̀bi Bùrọ̀dá ni. Ó ní omi ẹrẹ̀ ojú ọ̀nà ló ń bù sí mọ́tò torí ó ń lọ́ra láti pọn omi tó mọ́, ìgbà mìíràn ẹ̀wẹ̀ kò tilẹ̀ bu omi kankan sí i. Bùrọ̀dá dọ̀bálẹ̀, ó ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bàbá mi ò wò ó.

"Màá gbé e lọ fún bàbá orí àpáta lọ́la," ó ní. "Tí òun náà bá ní kò sí àrùn tó ń ṣe mọ́tò, o ó di ẹrù rẹ lọ́jọ́ Sátidé, o ó kó ìyàwó àti ọmọ rẹ, ẹ ó máa lọ."

Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo pọn ọmọ náà sẹ́yìn, ó ń mí sí mi lọ́rùn. Ìgbà yẹn ni ó yé mi. Mo rántí ihò dúdú kékeré yẹn àti gbogbo bébà tí mo ti jù sí i.  Mo fẹ́ jẹ́wọ́, ẹ̀rù ò jẹ́. Mo lajú sílẹ̀ di àárọ̀, mi ò sì sọ ọ́.

Àkókò ọlidé ni, nítorí náà, nígbà tí mo ní mo fẹ́ tẹ̀ lé wọn, kò sẹ́ni tó bi mí léèrè. Bàbá mi fi wá sílẹ̀ lórí àpáta, ó gun ọ̀kadà lọ síbi tí wọ́n ti ń wọn kòkó. Ó ní òun ń bọ̀ lọ́sàn-án.

Bàbá Mẹkáníìkì ò ṣí nǹkan kan. Ó ní kí Bùrọ̀dá jókòó, ó fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun lé wa lọ́wọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi í ní ìbéèrè, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àkókò gígùn láàárín wọn.

"Orí òkè ló ti ń hó ni, àbí ní pẹrẹsẹ?"

"Orí òkè ló kọ́kọ́ jẹ́, Bàbá. Ní báyìí, níbi gbogbo ni."

"Omi ń dín kù?"

"Kò dín kù tó bẹ́ẹ̀, àfi tó bá ti hó."

"Tó o bá dúró láìpa ẹ́ńjìnnì ńkọ́?"

"Ó máa ń rọlẹ̀ díẹ̀."

Bàbá náà ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ó ń wo òkè. Mo rò pé ó ti gbàgbé wa. Ìkùukùu ń ká kúrò lórí àpáta díẹ̀díẹ̀, àwọn ìyá ń ro kòkó, ẹ́ńjìnnì tó ń tutù sì ń dún, tín, tín, tín, lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Títí di òní, kò sí ìró tó ń mú mi padà sí ìgbà èwe bí irin tó ń tutù.

Lẹ́yìn náà ni ó dìde. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tẹ rọ́bà omi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fọwọ́ yí fáànù, ó fi ìka tọ́ bẹ́líìtì. Ó wọ abẹ́ mọ́tò, ó pẹ́ níbẹ̀, a ń gbọ́ ọ tó ń kan irin wò. Nígbà tó jáde, ó nu ọwọ́, ó gbé e lé rẹ́díétọ̀, ó sì pè mí.

"Ọma mi, sún mọ́bí. Gbé ọwọ́ rẹ wá."

Mi ò mọ ìdí tó fi jẹ́ èmi ló pè. Bí a ṣe wá fọwọ́ pa rẹ́díétọ̀ náà láti òkè dé ibi tó tutù nìyẹn.

Ó rán Bùrọ̀dá lọ pọn omi sí kànga ìsàlẹ̀. Ó tú rẹ́díétọ̀ sílẹ̀, ó gbé e sórí àpáta, ó yí ìdérí rẹ̀ kúrò, ó sì fojú kan wo inú rẹ̀. Ó gbìyànjú láti ti ìka méjì bọ̀ ọ́. Wọ́n tóbi ju ihò lọ. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bá mi ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ọma mi. Fa ohunkóhun tó bá kàn ọ́ jáde."

Mo kúnlẹ̀. Mo ki ìka mi bọ ẹnu mọ́tò. Ohun rírọ̀ kan kàn mí, ó yọ́, ó dà bí ẹ̀kọ tí omi ti wọ̀. Mo fà á jáde, funfun ni, pẹ̀lú ìpẹtà pupa lára rẹ̀. Mo tún fa òmíràn jáde, àti òmíràn. Mi ò ka iye rẹ̀. Mo kàn ń fà á, omijé ń kán sí mi lẹ́sẹ̀, bàbá náà sì jókòó tì mí, ó ń gba ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ mi, ó ń tò ó sórí àpáta. Púpọ̀ nínú bébà náà ti di omi. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn gbogbo rẹ̀ ni èyí tí mo jù sí i ní Sátidé tó kọjá, aṣọ ṣì wé e dáadáa. Ó tú u. Pẹ́ńsù kì í tètè parẹ́. Ó gbé e sún mọ́ ojú rẹ̀, ó ń kà á láìyánu, ètè rẹ̀ ń mì.

Ó tẹ́ ẹ sínú oòrùn, ó fi òkúta kékeré kan lé e kí atẹ́gùn má bàa gbé e lọ. Kò wò mí. Ó gbé rẹ́díétọ̀ náà, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn ìyókù jáde. Nígbà tí Bùrọ̀dá gbé omi dé, ìdí òkúta yẹn ni ojú mi wà. Bùrọ̀dá ò mọ nǹkan kan; ó rò pé ìdọ̀tí lásán ni ohun tí a tò sílẹ̀. Ó ń da omi, ó ń fọ rẹ́díétọ̀, ó ń súfèé orin ìjọ bí ẹni tí kò ní di ẹrù lọ́jọ́ Sátidé.

Bàbá mi dé bí oòrùn ṣe kan àtàrí. Kò tíì sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà tó fi béèrè.

"Bàbá, kí lẹ rí?"

"Mo rí nǹkan tó dí i. Ẹ jókòó, kẹ́ ẹ jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀."

"Ẹrẹ̀ ni!" Bàbá mi yíjú sí Bùrọ̀dá. "Mo sọ ọ́! Omi ẹrẹ̀ ló ń bù sí i!"

"Ọ̀gá, ẹ dákun, mo fi ọmọ tuntun yẹn búra, omi kànga ni."

"Má fi ọmọ búra níwájú mi! Lọ sílé, kó o lọ di ẹrù rẹ. Mi ò dúró de Sátidé mọ́."

Bùrọ̀dá fi kẹ́ẹ̀gì omi sílẹ̀. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó wo mọ́tò, ó sì yí padà, ó ń lọ. Mo wo Bàbá Mẹkáníìkì. Òun náà mọ̀ ọ́n. Kó sáà ti ṣí ẹnu ni. Ó ń fi aṣọ nu sípánà kan tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀, ó ń nù ún, ó ń nù ún. Inú bí mi sí i gan-an. Bùrọ̀dá ti dé ibi tí àwọn ìyá sá kòkó sí.

"Èmi ni!"

Mi ò mọ̀ pé ohùn mi lè dún tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń ro kòkó dúró.

"Èmi ni mo jù ú sí i. Àdúrà ni. Mo fẹ́ kí mọ́tò mu ún. Bàbá, ẹ má lé Bùrọ̀dá lọ, èmi ni."

Mo gbé òkúta kékeré náà kúrò, mo mú bébà náà lọ fún bàbá mi, mo kúnlẹ̀. Ó kà á. Ó tún un kà. Mo rí i tí ojú rẹ̀ pọ́n, tó gbé ọwọ́ sókè, mo sì dijú.

"Ẹ dúró ná," ni Bàbá Mẹkáníìkì wí.

Ó ki ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò rẹ̀, ó yọ irin kan jáde, tó ní orí roboto bí ọmọ ayò, tí ìrù rẹ̀ sì kúrú. Ó ti wà lápò rẹ̀ láti ìgbà tó jáde lábẹ́ mọ́tò. Ó fi í sí àtẹ́lẹwọ́ bàbá mi tó wà lókè.

"Irin tó di táyà iwájú mú nìyí. Rọ́bà ló bò ó, kò sí dẹ́rẹ́bà tó lè rí i láti ìta. Ẹ wo bó ṣe jẹ tán. Bí mọ́tò yìí bá ń sáré bó ṣe máa ń sáré, tó fi ẹrù kòkó sọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀nà Ofosu kalẹ̀, táyà á bọ́. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni. Ṣùgbọ́n láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kò sáré. Ó ń hó, ó ń dúró, ó ń rìn bí arúgbó."

Bàbá mi ń yí irin náà síwá sẹ́yìn.

"Ṣé ẹ ń sọ pé àdúrà yìí ló..."

"Mi ò sọ pé àdúrà ni. Mi ò sì sọ pé kì í ṣe àdúrà. Mẹkáníìkì ni mí." Ó wá yíjú sí mi fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti ka bébà náà. "Ìwọ, má fún mọ́tò ní bébà jẹ mọ́. Kì í dà nínú rẹ̀."

Bàbá mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó fi í nu ojú. Ó pẹ́ kó tó pe Bùrọ̀dá, nígbà tó sì pè é, kò pè é ní dẹ́rẹ́bà, orúkọ rẹ̀ gan-an ló pè. Ó ní, "Má bínú. Mo ṣì ọ́ mú." Mi ò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu bàbá mi rí sí ẹnikẹ́ni tó ń bá a ṣiṣẹ́. Bùrọ̀dá ò mọ èyí tí ì bá ṣe. Ó dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó tún fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Ó wá gba bébà náà lọ́wọ́ bàbá mi, ó kà á wúyẹ́wúyẹ́, ó dé ibi orúkọ tí mo máa ń pè é, ó sì yíjú kúrò lọ́dọ̀ wa, ó kọjú sí òkè.  Ó ká bébà náà sí àpò àyà rẹ̀. Títí tó fi padà sí ìlú rẹ̀ lẹ́yìn ọdún púpọ̀ láti lọ ra mọ́tò tirẹ̀, kò dá a padà fún mi.

Ṣé wọ́n nà mí? Ẹ má ṣàníyàn, ìyá mi ò ní irú sùúrù tí àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn ní. Ti sùtánà tí mo ya ló tilẹ̀ dùn ún jù.

Irin jíjẹ yẹn, Bàbá Mẹkáníìkì ló ní kí wọ́n fún mi. Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, mo wá kí i ní ìsinmi kan. Kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ojú rẹ̀ ti ṣú, kò ríran mọ́, ó ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ lórí àpáta, àwọn ìyá ń ro kòkó ní apá kejì bí ti tẹ́lẹ̀. Mo gbé ọwọ́ mi sínú tirẹ̀, ó fọwọ́ pa á díẹ̀, ó sì dárúkọ mi. Mo wá béèrè ohun tó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ náà.

"Bàbá, ìgbà tí ẹ ka bébà yẹn lẹ mọ̀ pé èmi ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Eyín rẹ̀ ò pé mọ́.

"Rárá o. Ìgbà tí ọwọ́ rẹ wà lábẹ́ ọwọ́ mi ni. Ó ti ń gbọ̀n kó tó dé ibi tó tutù."

"Kí ló wá dé tí ẹ ò fi sọ ọ́, tí Bùrọ̀dá fi ń lọ?"

"Ká ní mo sọ ọ́, dẹ́rẹ́bà nìkan ni ǹ bá gbà là. Ìwọ ńkọ́?" ó ní, ó sì ń bá a lọ láti máa fọwọ́ pa ọwọ́ mi. Ó kú kí n tó parí ẹ̀kọ́ mi.

Mo ti di ìyá àwọn èèyàn báyìí. Mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ilé ìwé, wọ́n sì ń fọ́ nǹkan, wọ́n ń fi pamọ́, wọ́n sì ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru ẹlòmíràn lójoojúmọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo máa ń mọ ẹni tó ṣe é. Mo máa ń mú nǹkan kan tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀, mo máa ń nù ún, mo máa ń dúró. Kì í rọrùn. Ara mi máa ń gbóná bíi ti gbogbo èèyàn, mo sì máa ń rántí bí inú ṣe bí mi sí bàbá arúgbó kan tó ń nu sípánà.

Ọmọkùnrin mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ ní oṣù tó kọjá. Ó ń gbé mọ́tò mi lọ síbi iṣẹ́, ó ń gba ọ̀nà òkè lọ, ó ń gba ọ̀nà òkè bọ̀. Mo kọ àdúrà rẹ̀ sórí bébà, pẹ́ńsù ni mo fi kọ ọ́. Orí tábìlì mi ló wà, irin jíjẹ yẹn ni mo fi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Mi ò tíì mọ̀ títí di òní bóyá mo ba mọ́tò bàbá mi jẹ́ ni tàbí mo gbà á là. Ṣùgbọ́n tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, tí ọmọ mi bá dé, tí ẹ́ńjìnnì bá ń dún, tín, tín, tín, mo máa ń jókòó tì í títí yóò fi dákẹ́. Lẹ́yìn náà màá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, màá pe ọmọ mi, màá gbé ọwọ́ rẹ̀ lé rẹ́díétọ̀, màá fi tèmi bò ó, a ó sì fà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó rò pé mọ́tò ni mò ń yẹ̀ wò.